Ẹ má tíì fa ìlà kankan títí kúṣìn yóò fi padà sípò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ ní ẹ ti pààrọ̀ aṣọ tábìlì snooker ńlá ti ilé ẹgbẹ́ yín, ó mọ́ roro, àmọ́ kò sí ìlà, kò sí D (ìlàjì òbíríkítí tó wà ní ìdí tábìlì), kò sí ojú bọ́ọ̀lù kankan, ìyẹn àmì ibi tí à ń gbé bọ́ọ̀lù sí, lórí rẹ̀. Ẹnìkan wá ní kí ẹ tẹ́ aṣọ àtijọ́ lé e lórí kí ẹ fi ṣe àwòkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Nígbà tí aṣọ yẹn wà lórí òkúta pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fà á le gan-an ni. Bí ẹ ṣe tú u báyìí, ó ti sún kì, àmì ara rẹ̀ kò sì sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mo ti bá àwọn èèyàn tún tábìlì tí ẹlòmíràn ti sàmì sí ṣe, ohun kan náà ni mo sì máa ń bá níbẹ̀: láti etí pákó ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, tàbí láti etí òkúta nígbà tí wọn kò tíì de kúṣìn (rọ́bà tí wọ́n fi aṣọ bò ní etí tábìlì) padà. Lóòótọ́, ọwọ́ máa ń tètè dé àárín tábìlì tí kúṣìn kò bá sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kúṣìn ni gbogbo ìwọ̀n snooker ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń kàn án gan-an, ibẹ̀ sì yọ síwájú ju ibi tí rọ́bà jókòó sí lórí òkúta lọ. Tí ẹ bá pààrọ̀ aṣọ kúṣìn tàbí rọ́bà rẹ̀ pẹ̀lú, ojú yẹn lè sún díẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ de gbogbo bóòtù rẹ̀ padà kó le, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá aṣọ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, kí ẹ tó mú téèpù.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra aṣọ náà kí ẹ tó pinnu ibi tí D máa wà. Láti D lọ sí ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù dúdú ni irun aṣọ gbọ́dọ̀ máa sùn sí. Apá tí ọwọ́ yín bá ń yọ̀ lọ láìsí ìdíwọ́, ibẹ̀ ni ti dúdú. Tí ẹni tó tẹ́ aṣọ bá tẹ́ ẹ lódìkejì, ẹ má tún tú u, D ni kí ẹ gbé lọ sí òdìkejì.

Ní tábìlì 12 fíìtì, ojú tí bọ́ọ̀lù ti ń yí jẹ́ 11 fíìtì àti ínǹṣì 8½ ní gígùn, 5 fíìtì àti ínǹṣì 10 ní fífẹ̀. Ìlà baulk, ìyẹn ìlà tó dábùú tábìlì tí D jókòó lé, jẹ́ ínǹṣì 29 sí ojú kúṣìn ìdí. Ibí yìí ló ń kó àwọn èèyàn láyà sókè, nítorí kúṣìn máa ń tẹ̀ kọrọdọ ní ẹnu ihò igun. Ẹ má wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ẹ bọ́ sínú bíi fíìtì kan, níbi tí kúṣìn ti gún, kí ẹ sàmì kékeré. Ẹ ṣe bákan náà ní ọ̀tún, ní òsì àti ní àárín. Tí àmì mẹ́ta yìí kò bá bára wọn mu lábẹ́ pákó gígùn tó gún, téèpù ló yẹ̀ lọ́wọ́ yín; ẹ tún un wọ̀n.

Ojú bọ́ọ̀lù bíráùn wà ní àárín ìlà náà, ínǹṣì 35 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ pín ìyàtọ̀ tó bá wà sí méjì.

D ni iṣẹ́ ńlá. Ínǹṣì 11½ ni láti ojú bíráùn dé ara rẹ̀, inú ìdí tábìlì ló sì kọjú sí. Àwọn kan máa ń so òwú mọ́ pẹ́ńsùlù. Òwú máa ń fà, D á wá dà bí ẹ̀yin adìẹ. Ẹ kò sì lè kan ìṣó mọ́ aṣọ, torí òkúta ló wà lábẹ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń gé páálí líle sí ìlàjì òbíríkítí lórí ilẹ̀, mo sì ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo lu ihò méjì sí ṣe kọ́ńpáàsì. Lẹ́yìn náà ni màá gbé páálí náà lé ìlà. Ẹ tọ́jú páálí yẹn, yóò tún wúlò. Ẹ dúró ní ìdí tábìlì kí ẹ kọjú sí dúdú: yẹ́lò wà ní igun ọ̀tún D, gírínì ní òsì.

Àwọn yòókù kò le. Búlúù wà láàárín gbùngbùn tábìlì, ínǹṣì 70¼ sí orí àti ìdí. Píńkì wà ní ìdajì ọ̀nà láti búlúù sí kúṣìn òkè, ìyẹn ti apá dúdú. Dúdú jẹ́ ínǹṣì 12¾ sí kúṣìn òkè. Ẹ na òwú tẹ́ẹ́rẹ́ láti bíráùn dé dúdú; mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Tí tábìlì bá kéré jù báyìí, ẹ má lo nọ́ńbà wọ̀nyí. Èmi máa ń pín gígùn sí 5 fún ìlà baulk, kí n pín in sí 11 fún dúdú, kí n sì pín fífẹ̀ sí 6 fún D.

Ní ti ohun ìkọ̀wé, báírò kò ní orúkọ níbẹ̀. Máákà lè ṣàn sínú irun aṣọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àgékù. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ tí a pọ́n lẹ́nu ni mo fẹ́ràn jù fún àkọ́kọ́, torí aṣọ tuntun lè dẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, ẹ ó sì ní láti tún ìlà náà fà. Tí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́ òní, ṣọ́ọ̀kì ti tó. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fà á lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ wá lo máákà.