Ẹ Bi Wá Léèrè: Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Ayùn Tí A Fi Ń Rẹ́ Bọ́ọ̀dù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà wa. Káfíńtà ni mí ní Adó-Èkìtì; kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń kàn jù. Ní ọdún tó kọjá ni mo ra ẹ̀rọ panel saw tòkunbọ̀ kan, kò sì yọ mí lẹ́nu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní báyìí, fọ́míkà abẹ́ bọ́ọ̀dù máa ń ya bí mo bá rẹ́ ẹ, igun kọ́bọ́ọ̀dù kò sì bára mu mọ́. Tábìlì rẹ̀ tí ń sún ti ń le, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń ta ọ́ìlì sí irin tí ó ń gbà lọ. Ṣé bíléèdì tuntun ni kí n rà ni, àbí ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì ná owó kankan. Ọ́ìlì tí ẹ mẹ́nu bà yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Eruku bọ́ọ̀dù kúnná bí ẹ̀lúbọ́. Bí ó bá bà lé irin gbígbẹ, aṣọ lásán yóò nù ún kúrò, ṣùgbọ́n bí ó bá bá ọ́ìlì tàbí gíríìsì níbẹ̀, ńṣe ni yóò pò mọ́ ọn, tí yóò sì gbẹ di èèpá sí ojú ọ̀nà àwọn róólà tí ń gbé tábìlì náà lọ, gbé e bọ̀. Nígbà tí róólà bá ń gun orí èèpá bẹ́ẹ̀, tábìlì kò lè lọ tààrà, igun yín kò sì lè gún.

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá, kí ẹ sì dúró títí bíléèdì yóò fi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ ta kẹrosíìnì díẹ̀ sí aṣọ, kí ẹ fi nu irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e. Ohun dúdú tí aṣọ yóò kó ni ó ń mú tábìlì yín le. Láti ọjọ́ náà lọ, aṣọ gbígbẹ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó o.

Ní ti fọ́míkà tí ń ya, bíléèdì méjì ni ẹ̀rọ yìí ní. Ìbú èyí tó tóbi sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 300, ti kékeré iwájú rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 120. Kékeré yìí ń yí lódìkejì sí ńlá, ó sì ń fa ìlà tí jíjìn rẹ̀ kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ sí abẹ́ bọ́ọ̀dù kí ńlá tó dé ibẹ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá sí lórí ìlà kan náà, tàbí tí ìlà tí kékeré fà bá tín-ín-rín ju ibi tí ńlá yóò gbà lọ, fọ́míkà yóò ya dandan. Mo ti bá irú èyí jìjàkadì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo pọ́n bíléèdì, mo pààrọ̀ rẹ̀, pàbó ló já sí. Ọjọ́ tí mo tú bọ́ọ̀tù rẹ̀ tí mo sì fi ìka pa ojú irin róbótó tí ó di bíléèdì mú, èérún igi kan tí kò tó hóró ọkà bàbà ni mo bá níbẹ̀. Nítorí pé bíléèdì fẹ̀, ohun tí ó gbé e díẹ̀ ní ìdí yóò mú kí ó máa mì ní etí, níbi tí eyín wà. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ẹ bá tú bíléèdì, ẹ nu ojú méjèèjì kí ẹ tó dè é padà.

Lẹ́yìn ìmọ́tótó yìí ni kí ẹ tó wo igun. Ẹ mú bọ́ọ̀dù tí ó tó mítà kan níbùú lóròó, kí ẹ rẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ yí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ rẹ́ yẹn ti irin ìfaratì, ìyẹn irin gígùn orí tábìlì tí a ń fi bọ́ọ̀dù tì kí ó lè gún, kí ẹ rẹ́ èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹrin. Ní ẹ̀karùn-ún, ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì wọn ìbú ọ̀já náà ní orí àti ní ìdí. Àṣìṣe igun ti di ìlọ́po mẹ́rin lára ọ̀já yẹn. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà kan, ìdá mẹ́rin mìlímítà péré ni irin ìfaratì fi yẹ̀ lórí mítà kan, ẹ ó sì mọ bí ẹ ó ti sún un tó. Ọ̀nà yìí dára púpọ̀ ju kí a máa fi ojú wò ó lọ.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí wọ́n ti so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjerò-Èkìtì, bíléèdì ń yí sẹ́yìn bí a bá ti tan jẹnẹrétọ̀. Ẹnì kan ní kí a kàn dojú bíléèdì kọ ẹ̀yìn. Ṣé ó tọ̀nà?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Iná fésì mẹ́ta ni ẹ̀rọ yín ń lò, wáyà méjì nínú mẹ́ta ni ó sì ṣi ipò lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. Kí oníná tó mọṣẹ́ pààrọ̀ àwọn méjì wọ̀nyẹn fún ara wọn, ọ̀rọ̀ parí. Bí bíléèdì bá ń yí sódì, ó lè sọ bọ́ọ̀dù sí ènìyàn, bọ́ọ̀tù tí ó dè é sì lè máa tú díẹ̀díẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan wáyà ṣọ́ọ̀bù, ẹ tan ẹ̀rọ kí ẹ sì pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìfi igi kankan sí i, kí ẹ wo ibi tí eyín ń kọjú sí bí ó ti ń rọra dúró.

Ìbéèrè: Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ìgbà wo ni ó yẹ kí a pọ́n bíléèdì?

Ìdáhùn: A kú oríire, ọmọ mi. Igi ló ń sọ ọ́. Ìrókò máa ń ní òkúta funfun líle nínú tí ó lè mú kí eyín ayùn kú láàárín ọjọ́ kan. Bí o bá ní láti máa ti igi pẹ̀lú agbára, tí èéfín ń rú tàbí tí ẹnu igi ń jó dúdú, àsìkò ti tó. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fọ bíléèdì náà ná, nítorí oje igi tí ó lẹ̀ mọ́ eyín máa ń jọ ìkú eyín. Rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, fi búrọ́ọ̀ṣì oníke fọ̀ ọ́, kí o sì nù ún gbẹ kí ìpatà tó mú un. Má fi sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ fọ̀ ọ́, torí ó lè ba ibi tí wọ́n ti jó eyín mọ́ irin jẹ́. Ní àkókò òjò, fi àbẹ́là pa ojú tábìlì irin ẹ̀rọ rẹ ní alẹ́, kí o fi aṣọ nù ún títí yóò fi máa dán; yóò dènà ìpatà, kò sì ní ba pọ́líìṣì orí igi jẹ́ bí ọ́ìlì ti ń ṣe.