Kúbùsù ńlá, couette àti ìrọ̀rí: bí a ṣe ń fọ̀ wọ́n tí wọn kì í rùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alágbàfọ̀. Ilé wa kò jìnnà sí ọ̀sà níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mo rẹ kúbùsù onírun ńlá kan àti couette (aṣọ ìbora tí wọ́n ki òwú sínú rẹ̀) méjì sínú ọṣẹ mọ́jú, mo fọ̀ wọ́n, mo lọ́ wọn dáadáa kí n tó sá wọn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbẹ, wọ́n sì ń rùn. Òwú inú couette kan ti ṣù jọ sí igun kan. Mo tún ní ìrọ̀rí òwú àràbà tí mo fẹ́ fọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ti ń bà mí. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, ìyá wa. Omi tó pẹ́ nínú aṣọ ló fa òórùn yẹn. Aṣọ tó nípọn kì í gbẹ tinú tòde lẹ́ẹ̀kan náà: òde á ti gbẹ, àárín á ṣì tutù, ibẹ̀ sì ni àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ti ń pọ̀ sí i, tí aṣọ fi ń rùn. Torí náà, kí ẹ tó pọn omi rárá, ẹ wo ojú ọ̀run. Aṣọ tí kò bá ní gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn.

Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, òjò kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ Àjàṣẹ́ gbẹ, ọ̀sà tún wà nítòsí. Ẹ fi kúbùsù sílẹ̀ nígbà náà, àfi tí ọmọ bá tọ̀ sí i. Ìgbà ọyẹ́ gan-an ni ìgbà tirẹ̀: ohun tó ń gba ọjọ́ méjì nínú oṣù kẹfà lè gbẹ kí oòrùn ọyẹ́ tó wọ̀. Eruku nìkan lẹ ó máa ṣọ́. Àwọn ará Kétu mọ bí eruku pupa ilẹ̀ wọn ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tútù. Kí okùn wọn ga, kí wọ́n sì yí ojú aṣọ sínú. Ní Sábẹ̀ẹ́, àpáta pọ̀ tí èèyàn lè tẹ́ aṣọ lé. Aṣọ fẹ́lẹ́ á tètè gbẹ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ kúbùsù kò ní rí atẹ́gùn níbẹ̀, ẹ óò máa yí i ṣáá ni.

Ẹ wo bébà kékeré tí wọ́n rán mọ́ etí couette, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tó wá láti Missèbo, ọjà aṣọ àlòkù ní Kútọnu, tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán ọpọ́n omi tí wọ́n kọ 40 sínú rẹ̀ ń sọ pé kí omi má gbóná ju ìwọ̀n 40 lọ. Tí wọ́n bá fa ìlà kọjá lára ọpọ́n náà, ẹ má ki aṣọ yẹn bọ omi. Ìlà lára àwòrán onígun mẹ́ta túmọ̀ sí pé kò gbọdọ̀ rí javel, omi tó ń sọ aṣọ di funfun.

Ó yá, fífọ̀. Kúbùsù ẹni méjì tó bá wọn kílò 4 ní gbígbẹ lè lé ní kílò 10 tó bá mu omi tán, ẹ má dá nìkan gbé e. Ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku rẹ̀ dànù. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bíi lítà 40 sínú báàfù ńlá, ẹ po ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sí i títí yóò fi yòrò, kí aṣọ tó wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bu ọṣẹ jù, wọ́n rò pé bó bá ṣe ń hó tó ló ṣe ń mọ́ tó. Ọṣẹ tí kò bá ṣàn kúrò á máa di ìdọ̀tí mú sára aṣọ ni. Ìṣẹ́jú 30 tó fún rírẹ. Rírẹ mọ́jú wà lára ohun tó bá tiyín jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ẹsẹ̀ yín mọ́, kí ẹ bọ́ sínú báàfù, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ọwọ́ kò lágbára tó ẹsẹ̀ níbí, ẹsẹ̀ kì í sì í fa irun aṣọ tu.

Ẹ ṣàn án nínú omi mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ bu omi tó kẹ́yìn sínú ìgò, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n: tó bá ṣì ń hó, ọṣẹ kò tíì tán. Níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, bíi Kétu, omi ìṣàn tó kẹ́yìn yẹn dára láti fi bẹ̀rẹ̀ aṣọ tó kàn.

Ẹ má lọ́ ọ. Lílọ́ ló ń já òwú tí wọ́n fi rán couette, ìgbà tí òwú yẹn bá já ni òwú inú ń ṣí kúrò láyè rẹ̀. Ẹ gbé aṣọ sórí àga gbọọrọ tí àlàfo wà láàárín pákó rẹ̀, kó máa ro omi dànù fún wákàtí kan. Ẹ wá ká a bí ẹní, kí ẹ máa fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìdí. Ẹ ó rí omi tó máa jáde!

Okùn kan kò tó o. Ẹ so méjì, kí àlàfo bíi ìwọ̀n ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wọn, kí ẹ da aṣọ bo méjèèjì bí òrùlé. Atẹ́gùn á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lórí okùn kan, ìhà méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, omi á há sáàárín. Kó ti wà lórí okùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì-méjì, kó sì ti wọlé ní aago márùn-ún, kí ìrì tó sẹ̀. Tí couette bá gbẹ dé ìdajì, ẹ wá ibi tó ṣù, ẹ fi ìka ya á sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a káàkiri. Tó bá gbẹ tán pẹ̀lú ìṣù, ó di kí ẹ tún rẹ ẹ́.

Oòrùn máa ń tan èèyàn jẹ: aṣọ tó gbóná dà bí èyí tó gbẹ. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji fún wákàtí kan, ẹ wá tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ibi tó nípọn jù, kí ẹ ka ení, èjì dé 20. Bí ọwọ́ bá ń tutù, omi ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má fọ ìrọ̀rí òwú àràbà. Òwú náà ní ọ̀rá lára, omi lásán kì í tètè wọ̀ ọ́. Ọṣẹ ló ń ṣí ọ̀nà fún omi, tó bá sì mu ún, á ṣù, kò ní wú mọ́. Ẹ tú ojú rírán rẹ̀, ẹ da òwú sínú àpò tí ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn rán, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ sá a. Ẹ̀wù ìrọ̀rí nìkan ni kó rí ọṣẹ.

Ẹ má ki fóòmù ibùsùn bọ omi rárá, ẹ má sì tẹ́ ẹ sí oòrùn gangan, oòrùn ń sọ ọ́ di pípọ́n, ó ń mú un rún. Ẹ nà án ró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibi tí ọmọ tọ̀ sí, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Javel tó bá pàdé ìtọ̀ tàbí fínígà ń mú èéfín tó léwu fún èémí jáde.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńkọ́? Ẹ gbé couette sínú rẹ̀ ní gbígbẹ. Bí ọwọ́ yín kò bá rí àyè wọ òkè rẹ̀, kò gbà á. Omi kò ní kárí, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, á sì kọ̀, kò ní lè fún omi inú aṣọ dànù.

Èyí tó ń rùn nílé báyìí, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 20 tí ẹ da fínígà ife méjì sí, fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ ṣàn án, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bí mo ṣe wí. Ẹ dúró de ọjọ́ tí oòrùn bá mú.