Ṣé owó iṣẹ́ àtijọ́ ò ní jẹ́ kí n rí fẹ́lóṣíìpù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣe PhD físíìsì, mo ní green card, dipátímẹ́ǹtì wa sì ní fẹ́lóṣíìpù GAANN (owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń ran àwọn tó ń ṣe PhD lọ́wọ́). Wọ́n ní kí n fi FAFSA (fọ́ọ̀mù ìjọba tí wọ́n fi ń bèèrè ìrànwọ́ owó iléèwé) ránṣẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo nílò owó lóòótọ́. Àwọn òbí mi ń gba owó tó jọjú, èmi náà sì ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí n tó padà síléèwé. Ṣé kí n kàn gbàgbé ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, àbúrò mi. Ká kọ́kọ́ yọ tàwọn òbí ẹ kúrò ńbẹ̀: lójú FAFSA, ẹni tó bá ti ń ṣe mástà tàbí PhD ti dá dúró, wọn ò ní ka owó bàbá tàbí màmá ẹ mọ́ ẹ rárá; àmọ́ tó o bá ti ṣègbéyàwó, wọ́n máa ka ti ẹnì kejì ẹ.

Owó tìẹ gan-an ni wàhálà wà. Fọ́ọ̀mù yẹn kì í wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ lónìí, owó tó wọlé lọ́dún méjì sẹ́yìn ló ń wò, bíi ti sáà 2026 sí 2027, owó ọdún 2024 ni, torí náà ẹni tó ń gba owó gidi nígbà yẹn tó wá ń fi owó TA (owó tí wọ́n ń san fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá olùkọ́ kọ́ni) gbọ́ bùkátà báyìí á dà bí olówó lórí ìwé. Ó máa ń dùn mí pé báwọn ọmọ tó mọ̀wé dáadáa bá ti rí nọ́mbà tí fọ́ọ̀mù yẹn gbé jáde, wọ́n á ní ó ti parí. Kò tíì parí. Lọ bá àwọn ọ́fíìsì financial aid, ní o fẹ́ kí wọ́n ṣe professional judgment fún ẹ (ìyẹn ni pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ẹ yẹ̀ wò bí nǹkan ṣe rí fún ẹ báyìí), mú lẹ́tà tó fi ọjọ́ tó o fiṣẹ́ sílẹ̀ hàn dání pẹ̀lú payslip tó gbẹ̀yìn. Òfin fún wọn láyè láti tún ìṣirò ẹ ṣe. Wọ́n lè kọ̀, ṣùgbọ́n ṣáà bèèrè.

Nọ́mbà yẹn ṣe pàtàkì gan-an torí stipend (owó ìgbọ́bùkátà) GAANN ò lè ju ohun tí ìṣirò bá ní o nílò lọ, tó bá ní $15,000 ni, kò ní lé, bó ti wù kí o mọ físíìsì tó. GRFP, fẹ́lóṣíìpù ti NSF (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ná owó sórí ìwádìí sáyẹ́ǹsì), ò rí bẹ́ẹ̀, wọn ò bèèrè bóyá o lówó tàbí o ò ní níbẹ̀.

Dipátímẹ́ǹtì ló ń yan ènìyàn, kì í ṣe Washington, torí náà graduate coordinator yín ni kó o bá sọ̀rọ̀, kó o sì mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ wà nínú ẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máà bínú, GAANN ò kàn yín.) Fi FAFSA yẹn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí.