Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Lóòótọ́ ni Ẹja Ń Tán Lókun?

ÌBÉÈRÈ: Okun o, Olóòtú. Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní ọjà Kàbbà. Owó páálí Titus kò yé gùn sókè, àwọn tó ń kó o wá fún wa láti Èkó sì ń sọ pé ẹja ti ń tán lókun. Ṣé òótọ́ ni? Orílẹ̀-èdè wo ló ń pa á jù? (Òǹkàwé kan, Kàbbà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o. Ẹja òkun kò tíì tán, àmọ́ iye tí aráyé ń rí pa kò pọ̀ sí i mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1990, kò jìnnà sí mílíọ̀nù 80 tọ́ọ̀nù lọ́dún, bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń jẹ ẹ́ ti kúrò ní bílíọ̀nù 5, a ti lé ní 8. Ṣáínà ló ń pa jù, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù. Indonéṣíà, Pẹ́rù àti Rọ́ṣíà wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e.

Bí àpapọ̀ bá dúró sójú kan, ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kò dúró. Jàpáànì, tó ń pa ju mílíọ̀nù 10 lọ láàárín ọdún 1980 sí 1989, kò rí ju nǹkan bíi 3 lọ mọ́, nítorí pé ẹja sàdínì wọn dín kù, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì fi òfin gba omi etíkun tiwọn títí dé 200 máìlì. Ní Pẹ́rù, ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní anchoveta mú kí wọ́n pa ju mílíọ̀nù 12 lọ ní 1970, ṣùgbọ́n apajù àti omi tó móoru fà á lulẹ̀ kí 1973 tó parí. Ìyẹn gan-an ló máa ń dùn mí, torí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja náà ṣe. Ní ti Indonéṣíà, ohun tó ń pa báyìí ti ju ìlọ́po méjì èyí tó pa ní 1990 lọ.

Ní ti Titus yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ le díẹ̀. Nọ́wè àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀, wọn kò sì tíì lè fohùn ṣọ̀kan délẹ̀ lórí ìpín tí yóò kan kálukú, nítorí náà àpapọ̀ ohun tí wọ́n ń pa máa ń ju ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ dá lọ. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ náà dámọ̀ràn fún 2026 fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti 2025. Ẹ fi náírà tó já wálẹ̀ láti 2023 kún un.

Èmi ò ní gbé gbogbo owó mi lé Titus. Ní 2022, ẹja àti àwọn ẹran omi mìíràn tí à ń sìn kọ́kọ́ ju èyí tí à ń pa lọ lágbàáyé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àrọ̀ inú adágún àti ẹja Odò Ọya láti Lọ́kọ́jà kún àtẹ yín.