Kí là ń pe "slot" ní Yorùbá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. "Slot" ni wọ́n ń pe ibi tí síìmù ń wọ̀ lára fóònù, òun náà ni wọ́n ń pe àyè iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló gba gbogbo rẹ̀? Ike tí mo fi gbé síìmù kékeré wọ fóònù mi ti há síbẹ̀ báyìí. Kí ló fà á?
Òǹkàwé láti Lágere, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbà á. Ohun tó fẹ́ wọ ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Ibi tí wọ́n dìídì ṣe fún nǹkan kan, ojú ni: ojú kọ́kọ́rọ́, ojú síìmù. Èyí tí à ń ju owó gbà lórí kólò, ihò ni. Ètò orí rédíò, àkókò ni. Ti iṣẹ́ àti ilé-ìwé gíga, àyè ni: "Àyè méjì ló kù." Àwọn kan ń lo àlàfo níbẹ̀, kò sì tọ́ nígbà gbogbo. Àlàfo là ń dí, àyè là ń rí. Bí ẹnì kan bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó fi àlàfo sílẹ̀. Ẹni tó ń wáṣẹ́, àyè ló ń wá.

Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi mọ sí ẹyọ kan. Àwọn ọdẹ wọn a máa pe ipasẹ̀ àgbọ̀nrín ní "slot", àwọn ará Netherlands sì ń pe àgádágodo bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ti fóònù yín. Síìmù tó kéré jù jẹ́ mìlímítà 12.3 sí 8.8, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 15 sí 12; ike ìgbésíìmù ló ń jẹ́ kí èyí tó kéré bá ojú èyí tó tóbi mu. Àárín ike ìgbésíìmù yẹn ṣófo. Bí síìmù bá yọ̀ kúrò nínú rẹ̀, àwọn irin tín-ín-rín inú ojú síìmù á ta sókè sínú ihò ike náà, wọn á fi kọ́ ọ. Ẹ má fi agbára fà á, irin á ká. Ẹ pa fóònù, ẹ ti ọ̀rá tó le díẹ̀, irú èyí tó máa ń bo ojú fóònù tuntun, sáàárín ike àti irin, kí ó lè tẹ irin wálẹ̀, kí ẹ wá fa méjèèjì jáde pọ̀. Ẹ má tún ti ike òfìfo bọ ibẹ̀ mọ́.

Bí irin bá ti ká, ẹ jẹ́ kí atúnfóònùṣe pààrọ̀ ojú síìmù náà pátápátá. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ padà kì í pẹ́ kó tó kán.