Fóònù nìkan ni mo ní, ṣé mo lè fi ṣe fídíò fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Èmi ni wọ́n ní kí n máa mójútó àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa, wọ́n tó bí ogún, ẹni ọdún 13 sí 18 ni wọ́n. Tí mo bá ń kọ́ wọn ní Bíbélì, kí n tó débì kan ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti lọ. Mo fẹ́ máa lo fídíò kékeré tá a fúnra wa ṣe, àmọ́ mi ò ní kámẹ́rà, mi ò sì kọ́ṣẹ́ fídíò rí, fóònù nìkan ni mo ní. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ di pé fídíò gba ipò Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ yìí. Ìbẹ̀rù tẹ́ ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín yẹn ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí ẹni tí irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ò bá sí lọ́kàn ẹ̀ ló sábà máa ń ṣi fídíò lò. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣe fídíò, èyí tí mo sì rí i pé ó máa ń pa ìpàdé ni fídíò tó bá sọ gbogbo ẹ̀ tán. Ó sọ ìtàn, ó ka ẹsẹ Bíbélì, ó túmọ̀ ẹ̀, ó tún wá ní "nítorí náà ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má purọ́ mọ́". Kí ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ jọ sọ? Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ó dáa, ó tán nìyẹn.

Ẹ wo bí Jésù ṣe sọ ìtàn ọmọ onínàákúnàá nínú Lúùkù 15. Ẹ̀gbọ́n bínú, kò wọlé, bàbá jáde lọ bá a, ó bẹ̀ ẹ́, ó bá a sọ̀rọ̀, ìtàn sì dúró síbẹ̀. A ò gbọ́ bóyá ó padà wọlé àbí kò wọlé. Ní orí 10, lẹ́yìn ìtàn ará Samáríà, ṣe ló bi amòfin yẹn pé nínú àwọn mẹ́ta yìí, èwo ló ṣe bí ọmọnìkejì sí ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́ṣà, amòfin fẹnu ara ẹ̀ dáhùn. Nátánì náà, nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 12, ìtàn olówó tó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní ló kọ́kọ́ sọ, Dáfídì ti bínú, ó ti dájọ́ tán kó tó gbọ́ pé "ìwọ ni ọkùnrin náà". Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí fídíò yín máa ṣe nìyẹn o, kó gbé wọn dé ibi tó gbóná jù kó sì dúró, ẹ̀yin ẹ wá ṣí Bíbélì. Tó bá rí báyẹn, kò lè gba ipò Ọ̀rọ̀, òun gan-an lá jẹ́ kí wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ n fi èyí tá a ṣe rí ṣàpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin kan ń kàwé, fóònù ẹ̀ dún, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló kọ̀wé pé jọ̀ọ́ fi ìdáhùn iṣẹ́ tí tíṣà fún wa ránṣẹ́ sí mi, tí mi ò bá fún wọn lọ́la mo gbé. Ọmọ yẹn ya fọ́tò ìwé ẹ̀, àtàǹpàkò ẹ̀ wà lórí ibi tá a ti ń fi ránṣẹ́, kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ la gé e sí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ mi ò bi wọ́n pé "ṣé ó dáa kó fi ránṣẹ́?", torí ìdáhùn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa gbọ́, gbogbo wọn á ní kò dáa. Mo bi wọ́n pé "kí ló ń bà á lẹ́rù?" Ọ̀rọ̀ wá jáde lẹ́nu àwọn tí kì í sọ̀rọ̀.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà gbọ́, òun ló sì ká mi lára jù, ni pé ẹ má dá a ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn ṣe é. Nígbà kan tá a fẹ́ ya ìtàn bàbá àti ọmọ yẹn, ọmọkùnrin tó ṣe bàbá rọra ń rìn bọ̀ bí ẹni ọ̀wọ̀, ni ọ̀kan nínú wọn bá ní rárá o, ẹsẹ 20 ní ó SÁRÉ. Wọ́n ṣí i, lóòótọ́ ni, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé kí ló dé tí àgbàlagbà á fi sáré, ṣé kò ní í tì í lójú ni, àbí ó ti ń wo ọ̀nà láti ọjọ́ yìí wá, bó ṣe di pé a lo ọjọ́ yẹn tán lórí ẹsẹ kan ṣoṣo nìyẹn tí a ò tíì ya nǹkan kan. Mi ò lè fi ìwàásù rí irú ẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tójú ń tì láti gbàdúrà sókè, ẹ fún un ní fóònù kó máa yà á, ẹlòmíì á kọ ọ̀rọ̀, ẹlòmíì á gé e pọ̀ nínú ápù bíi CapCut tàbí InShot, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù yín lọ.

Ó wá ku ti yíyà. Ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó, èèyàn lè fara da àwòrán tí ò mọ́ dáadáa àmọ́ tí wọn ò bá gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ, wọ́n á pa á tì. Máìkì fóònù kì í gbọ́ ọ̀nà jíjìn, torí náà tẹ́ ẹ bá rí fóònù kejì, ẹ tan ibi tó ti ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi í sínú àpò àyà, kẹ́ ẹ wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìró àtẹ́wọ́ yẹn lẹ máa fi so ohùn àti àwòrán pọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e. Ẹ pa fáànù, ẹ fi fóònù sí airplane mode kí ìpè má bàa já lù yín. Kí ojú ẹni tẹ́ ẹ ń yà kọ sí fèrèsé, tó bá kẹ́yìn sí i ojú ẹ̀ á dúdú. Ẹ nu ojú kámẹ́rà (ọ̀pọ̀ wa ló máa ń gbàgbé), ẹ fi fóònù ti ìwé kó má máa gbọ̀n, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó súnmọ́, ẹ fẹsẹ̀ yín súnmọ́ ọn, ẹ má fi ìka fà á. Tó bá jẹ́ ara ògiri tàbí tẹlifíṣọ̀n lẹ máa fi hàn, ẹ di fóònù mú ní ìbú, tó bá jẹ́ inú fóònù ni wọ́n ti máa wò ó, ní òòró. Tẹ́ ẹ bá ń yan bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó nínú fóònù, 1080p tó yín, 4K tó mọ́ jù ú lọ kàn máa kún inú fóònù yín ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fún un pọ̀, àwòrán á sì bàjẹ́. Kí gbogbo ẹ̀ má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kẹ́ ẹ sì ti dán an wò nínú yàrá yẹn pẹ̀lú sípíkà kí wọ́n tó dé, ẹ má gbára lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ibi tí mi ò ní gbà fún yín rárá ni ọ̀rọ̀ àṣẹ òbí. Ọmọdé ṣì ni wọ́n. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí kẹ́ ẹ tó ya ẹnikẹ́ni, kó wà lákọsílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ máa ti fi hàn. Ọmọ fúnra ẹ̀ náà, tó bá ní òun ò fẹ́, ó tán, kẹ́ ẹ má rọ̀ ọ́. Ẹ má ya ẹni tó ń sunkún níbi àdúrà. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí YouTube tẹ́ ẹ fi sí "unlisted" (pé kó má hàn fún ẹni tó bá ń wá fídíò), ẹ rántí pé ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló lè wò ó. Ti orin náà, orin ìsìn lè ti pẹ́ gan-an kó má sì sí ẹni tó ni ín mọ́, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ sínú àwo lónìí ló ni ohùn yẹn, torí náà ẹ kúkú jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́ fúnra wọn.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má tíì ya nǹkan kan. Ẹ pe mẹ́ta nínú wọn, ẹ fún wọn ní Lúùkù 15 ẹsẹ 25 sí 32, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yẹn ń rò lọ́kàn níbi tó dúró sí níta. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má tún un ṣe, ọ̀rọ̀ fídíò yín àkọ́kọ́ nìyẹn.