"Má ṣí páálí rẹ̀": ìdáhùn sí Ọmọ Bàbá Rélùwéè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá wa ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta kí wọ́n tó kó wá sí London. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré HO (orúkọ ìwọ̀n kan láàárín àwọn àwòṣe rélùwéè), àwòṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́. Wọ́n ti papò dà báyìí, a sì bá mẹ́rìnlá nínú páálí ní òkè àjà ilé wọn ní Peckham. Àwòṣe Flying Scotsman, ẹ́ńjìnnì èéfín olókìkí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, méjì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí pé ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n 4472 ni nọ́ńbà ara ọ̀kan, 60103 ni ti èkejì. Ṣé ayédèrú ni ọ̀kan nínú wọn? Ẹ̀gbọ́n mi ní a ò gbọdọ̀ ṣí èyíkéyìí, pé bí páálí bá ti ṣí, owó ti lọ, pé ká fi wọ́n síbẹ̀ di ọjọ́ tí àwọn ọmọ wa máa tà wọ́n. Èló lẹ rò pé wọ́n tó? Èmi ni, Ọmọ Bàbá Rélùwéè.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

"Èló" yẹn, mi ò ní dá a lóhùn, torí mi ò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá dá iye owó lé ohun tí kò fojú rí, ẹ sá fún un, pàápàá tó bá tún ní òun fẹ́ bá yín rà á. Ohun tó yẹ kí ẹ bi mí ni pé ṣé wọ́n ṣì wà lódindi. Ẹ̀gbọ́n yín ò lè dáhùn ìyẹn, nítorí kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wò ó.

Ọ̀rọ̀ "má ṣí i" yìí ti sú mi. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e wá bá mi lórí tábìlì tí mo ti ń tún nǹkan wọ̀nyí ṣe. Ọkùnrin kan gbé ẹ́ńjìnnì kan wá lọ́dún tó kọjá, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rà á, òun ò yọ ọ́ síta rí. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń fi ọmọ tó gboyè hàn. A jọ ṣí i. Ẹ́ńjìnnì náà ti tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ò kan ilẹ̀ mọ́, ara òkè sì ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọdé ò fi ṣeré. Inú páálí tó wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló ti bàjẹ́.

Ohun tó fà á nìyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ike ni ara òkè ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n egungun ìsàlẹ̀ tí mọ́tò iná àti àwọn ẹsẹ̀ jókòó lé, irin tí wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú ẹ̀dà (mould) ni. Mazak ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Síńkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, alumíníọ̀mù bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, bàbà àti magnesium díẹ̀díẹ̀. Bí síńkì yẹn bá mọ́, ó lè pẹ́ ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Àmọ́ bí òjé, tin tàbí cadmium bá lọ bọ́ sínú ìkòkò níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, kódà kó kéré débi pé ojú ò lè rí i, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á máa gba àárín àwọn hóró irin náà wọlé, á máa jẹ ẹ́ lábẹ́nú. Irin á wú, á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, á tẹ̀, á là, nígbẹ̀yìn á máa rún bíi bisikíìtì. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Páálí wo ló fẹ́ lé e jáde?

Àwọn kan á ní ti ayé ọjọ́un nìyẹn. Lóòótọ́, àwọn ohun ìṣeré tó ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ló gba orúkọ burúkú yìí jù. Àwọn ẹ́ńjìnnì Hornby, ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré Gẹ̀ẹ́sì, ti ìgbà yẹn wà tí ẹsẹ̀ wọn á fọ́ sí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lára èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà lẹ́yìn ọdún 2000, tí àwọ̀ ara rẹ̀ ṣì ń dán gbinrin. Gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣe o. Ẹ́ńjìnnì méjì lè ti ilé iṣẹ́ kan náà jáde lọ́dún kan náà, kí ọ̀kan ra, kí èkejì má ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú nìkan ló lè sọ.

Òkè àjà lẹ tún wá kó wọn sí! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé London mọ òkè àjà. Oṣù keje, ibẹ̀ á gbóná bí ààrò. Oṣù kìíní, omi á máa sẹ̀ lára pákó òrùlé. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń mú kí ìjẹrà yìí yára. Lónìí yìí, kí ẹ tó ka èyí tán pàápàá, ẹ kó wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá tí ẹ̀yin fúnra yín lè sùn sí.

Kì í ṣe mazak nìkan. Girísì tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ á gbẹ, á le bí ọ̀dà. Fọ́ọ̀mù inú páálí àtijọ́ máa ń yọ́, á lẹ̀ mọ́ àwọ̀ ara ẹ́ńjìnnì. Jíà oníke á sán lára ọ̀pá tó wọ̀ ọ́ lára, yálà ẹ lò ó tàbí ẹ ò lò ó. Gbogbo ìwọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín rò pé owó ló ń gorí owó.

Ọ̀rọ̀ pé bí páálí bá ti ṣí owó ti lọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú páálí wọ̀nyí ni kò ní èdìdì kankan! Ilé ìtajà tó mọṣẹ́ máa ń yọ ẹ́ńjìnnì jáde, á sáré e síwá sẹ́yìn níṣojú oníbàárà kó tó gba owó. Bóyá bàbá yín gan-an dúró níbẹ̀ wò ó. Ohun tó ń dín owó kù ni kí páálí sọnù tàbí kó ya, kí ọ̀rá kékeré tí wọ́n di àwọn páìpù bíréèkì àti wíwẹ́wíwẹ́ mìíràn sí sọnù, kí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ara rẹ̀ ṣẹ́. Ẹ tọ́jú páálí. Ẹ tọ́jú gbogbo bébà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí i. Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ rà á, ẹni tó ní òun ò lè jẹ́ kí n rí abẹ́ rẹ̀, ìdajì owó ni mo máa kọ́kọ́ pè.

Bí ẹ ṣe máa wò ó nìyí. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì. Ẹ má gbá ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ pọ̀ mú. Ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, ni kí ẹ dì mú. Ẹ gbé e lé orí dígí tó tẹ́jú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ṣé gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kan dígí? Ṣé ara òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe déédéé, àbí nǹkan ń tì í síta? Ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá ìlà tínínrín bí irun, àwọ̀ tó wú bí irorẹ́, tàbí lẹ́búlẹ́bú eérú. Ẹ má fipá fọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n ṣe to jíà wọn kò gbà kí ẹsẹ̀ yí bí mọ́tò ò bá yí i. Ẹ ó kàn bó eyín jíà ni.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ti là, kò ní òògùn. Ẹni tó bá ta òróró tàbí gọ́ọ̀mù ìwòsàn mazak fún yín ti lù yín ní jìbìtì. Kì í sì í ràn. Èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè kó o.

Èyí tó bá yè, ẹ kan epo fẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ sí lára pé kì í ba ike jẹ́, ẹ̀kán kan lẹ́nu abẹ́rẹ́, síbi tí ìwé inú páálí bá tọ́ka sí, kí ẹ wá jẹ́ kó rìn lọ́ra lọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá tíránsífọ́mà àtijọ́ níbẹ̀, tí wáyà rẹ̀ ti gbẹ tàbí tó ti sán, ẹ má kì í bọ iná ilé. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ iná kó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti sọ tèmi o. Bí ẹnikẹ́ni bá gan mọ́ iná, kí wọ́n má ní èmi ni mo rán an.

Nọ́ńbà méjèèjì tọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì gidi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe àwòṣe méjèèjì. Doncaster ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1923, pẹ̀lú nọ́ńbà 1472. Lọ́dún 1924 ó di 4472. Lẹ́yìn ogun ó di 103, nígbà tí ìjọba sì gba gbogbo rélùwéè lọ́dún 1948, ó di 60103. Bí ẹni ń jẹ́ orúkọ ilé ọkọ ni.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ẹgbẹ̀rún kan yẹn, iye tí wọ́n kùn láwọ̀ yẹn pẹ̀lú ìwé yẹn ni. Láti ọdún 1968 tí Tri-ang Hornby ti gbé Flying Scotsman jáde ni wọ́n ti ń ṣe é lóríṣiríṣi títí di òní. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kan bá sì gbẹ́ ẹ̀dà tuntun tó fara jọ ojúlówó jù, owó èyí tó wà nílẹ̀ á wálẹ̀. Bóyá nínú mẹ́rìnlá yín, ẹ́ńjìnnì dúdú kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ ló máa lówó lórí jù.

Àwọn ẹ́ńjìnnì yín kì í sì í ṣe HO. OO ni ti Gẹ̀ẹ́sì: mìlímítà mẹ́rin sí ẹsẹ̀ bàtà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú 76, HO jẹ́ ìdá kan nínú 87. Ojú irin kan náà, mìlímítà 16.5, ni méjèèjì ń rìn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ HO sí ọjà yín, àwọn tó ń wá ti Gẹ̀ẹ́sì ò ní rí i. Ogún sì ni. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tó ń bójú tó ìwé bàbá gbọ́ kí ẹ tó ta ẹyọ kan.

Ẹ má wá ẹ́ńjìnnì Ẹ̀búté-Mẹ́ta nínú wọn. Mìlímítà 1067 ni ojú irin àtijọ́ wa nílé, 1435 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì yìí náà ló ṣe é fún wa: ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows wà lára àwọn tó ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì èéfín tí wọ́n ń pè ní River. Ó ṣeé ṣe kí bàbá yín ti fi ọwọ́ kan ọ̀kan.

Bí ẹ bá ti wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tán, ẹ kọ nọ́ńbà ara páálí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwòrán abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí tó ti là sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ọ̀kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú fún eré tó ti sá, ẹ má nu ún. Bàbá ti ń ṣí páálí tiwọn nìyẹn, ẹ fi han ẹ̀gbọ́n yín.